Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta? Ẹ jẹ́ kí ẹrù àti ọ̀nà dá wa lóhùn

 

Ìbéèrè kan wà tí mò ń gbọ́ níbi gbogbo tí mo bá dé, láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ́ tó ti kó owó díẹ̀ jọ á ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé alùpùpù ni kí n rà, àbí kí n fi owó kún un kí n ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta?" Ìyá tó ń ta àgbàdo náà á ní: "Ọmọ mi, èwo ni kí n máa fi kó ẹrù mi lọ sọ́jà?" Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún wọn ni pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló dára jù, nítorí pé ó tóbi, ó ń kó ẹrù púpọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tó ni ín dà bí ọlọ́kọ̀ láàrin ìlú.

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ tó fi ìkánjú ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ti wọ gbèsè, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tó ń fi alùpùpù kékeré kó ẹrù ńlá ti ba ọkọ̀ àti ara wọn jẹ́. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Èrò mi ni pé kí ẹlẹ́sẹ̀ méjì máa gbé ènìyàn, kí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta máa gbé ẹrù, kí a sì dẹ́kun kíkó ènìyàn sórí ẹrù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Bí àwọn méjèèjì ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Kò sí ẹni tó dàgbà ní Àjàṣẹ́ tí kò mọ zẹ́mìjàn, tí a ń pè ní zẹ́mì ní kúkúrú. Inú èdè Gùn àti Fọ̀n ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "gbé mi kíákíá". Kí alùpùpù tó gba iṣẹ́ yìí, kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n fi ń gbé èrò àti ẹrù láti Àjàṣẹ́ lọ sí àwọn abúlé ìtòsí. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1980, tí ìjọba kò rí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ san déédéé mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn gun alùpùpù láti fi jẹun, iṣẹ́ náà sì gba Kùtọnu kan. Láti ìgbà náà ni alùpùpù ti di ẹsẹ̀ fún wa. Òun ló ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, òun ló ń gbé olùkọ́ dé abúlé, òun náà ló ń gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ.

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ti tirẹ̀, oríṣi méjì ló jẹ́, a sì máa ń ṣì wọ́n pè bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Èkíní ni èyí tó ní òrùlé, tó ní àga fún èrò lẹ́yìn awakọ̀. Àwọn ará Èkó ń pè é ní kẹ̀kẹ́ Márúwá, nítorí Buba Marwa, ẹni tó jẹ́ alákòóso ológun ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Èkejì ni èyí tó pọ̀ jù ní àwọn ọjà wa. Iwájú rẹ̀ dà bí ti alùpùpù, ṣùgbọ́n àpótí irin gbalasa ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní àga, kò ní òrùlé, kò sì ní ibi tí ènìyàn lè dì mú. Ẹrù ni wọ́n ṣe àpótí yẹn fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà síbẹ̀.

Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti borí

Ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko wa, ọ̀nà tóóró ni. Ènìyàn méjì kò lè rìn níbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Alùpùpù á gba ibẹ̀ kọjá. Níbi tí wọ́n gbé igi méjì dábùú odò kékeré, awakọ̀ á sọ̀kalẹ̀, á fi ọwọ́ tì í kọjá. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, tí ilé ìwòsàn sì jìnnà, alùpùpù ni a máa ń sáré wá.

Kò jẹ epo púpọ̀. Alùpùpù kékeré tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè fi nǹkan bíi lítà méjì rin 100 kìlómítà lórí ọ̀nà tó dára. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún wa. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin ní Nàìjíríà, gbogbo wa la rí bí epo kpayo inú ìgò létí ọ̀nà ṣe gbówó lórí láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń mu epo púpọ̀ ló kọ́kọ́ sunkún.

Ohun mìíràn ni pé kò sí abúlé tó tóbi díẹ̀ tí kò ní ẹni tó lè tú alùpùpù palẹ̀ kó sì tún un tò. Ṣéènì rẹ̀, táyà rẹ̀, búlọ́ọ̀gì rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lọ́jà. Bí owó bá sì wọ́n ọ, tí o fẹ́ tà á, kò ní pẹ́ tí wàá fi rí ẹni tí yóò rà á.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tirẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn alùpùpù kékeré tí a ń gùn, gbogbo ohun tí wọ́n ṣe wọ́n láti gbé kò ju nǹkan bíi 150 kílò lọ, awakọ̀ fúnra rẹ̀ sì wà nínú ìṣirò náà. Bí awakọ̀ bá jẹ́ 70 kílò, 80 kílò ló kù. Èrò kan ni yẹn, tàbí àpò kan tó jẹ́ 50 kílò àti ẹrù kékeré kan. Àpò àgbàdo ọlọ́gọ́rùn-ún kílò tí a ń dì mẹ́yìn alùpùpù ti kọjá ààlà kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti rí i bí iwájú alùpùpù ṣe máa ń fúyẹ́, tí ọwọ́ awakọ̀ ń gbọ̀n, tí bíréèkì kò sì mú dáadáa. Rímù á tẹ̀, àwọn sípóòkù á máa já, ẹ̀yìn awakọ̀ á máa dùn ún títí tí yóò fi darúgbó.

Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti borí

Tí ẹrù bá ti pọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan tí ẹnikẹ́ni lè fi ìka ṣe. Ká sọ pé oko jìnnà sí ọjà ní 20 kìlómítà, àlọ àti àbọ̀ sì jẹ́ 40. Ká sọ pé àpò àgbàdo mẹ́wàá ni ẹ fẹ́ kó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 kílò. Alùpùpù á gbé ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ó di ìrìn àjò mẹ́wàá, 400 kìlómítà lápapọ̀. Ìyẹn tó lítà mẹ́jọ epo, kò sì lè parí lóòjọ́ lórí ọ̀nà oko. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta á kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ká tiẹ̀ sọ pé ó mu lítà márùn-ún fún 100 kìlómítà nítorí ẹrù, lítà méjì péré ni yóò fi lọ tí yóò fi bọ̀.

Ẹ wá yí i padà. Bí ó bá jẹ́ àpò kan ṣoṣo ni ẹ ní, alùpùpù kò ní mu tó lítà kan. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lè mu ìlọ́po méjì ìyẹn nítorí àpò kan náà. Nínú ìṣirò wa yìí, láti orí àpò mẹ́ta sókè ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó epo kù. Ní ìsàlẹ̀ ìyẹn, ẹ ń fi epo ṣòfò ni. Kí olúkúlùkù fi ọ̀nà tirẹ̀ àti ẹrù tirẹ̀ ṣe irú ìṣirò yìí kí ó tó mú owó jáde.

Ọ̀nà náà ní ohun tó fẹ́ sọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tó bá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta kò lè ṣubú. Bí ó bá dúró sójú kan, òótọ́ ni. Nígbà tó bá ń rìn, ọ̀rọ̀ á yí padà. Tí ẹni tó gun alùpùpù bá dé ibi tí ọ̀nà ti yí, òun àti ọkọ̀ rẹ̀ á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ara wọn á bá ọ̀nà mu. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò lè tẹ̀. Bí eré bá pọ̀, tí ẹrù sì ga, ẹrù á fẹ́ máa lọ tààrà nígbà tí táyà ń yà, táyà kan á gbéra nílẹ̀, ó di kí ọkọ̀ dojú dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ru igbá mọ̀ ọ́n dáadáa: igbá tí ẹ to ọjà gíga sínú rẹ̀, ẹ kì í yíjú pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń yíjú pẹ̀lú igbá pẹlẹbẹ.

Òkè náà ní ìyọnu tirẹ̀. Bí wọ́n bá kó èyí tó wúwo jù sí ìparí àpótí, tí ọkọ̀ ń gun òkè, iwájú á fúyẹ́, kò ní gbọ́ ti awakọ̀ mọ́. Ẹ̀yin ará wa ní Atakpamé, níbi tí ìlú fúnra rẹ̀ wà láàrin òkè, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó iṣu àti kajú kọjá láàrin àwọn òkè àpáta Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ó bá wá ń sọ̀kalẹ̀, ẹrù tó lé ní 500 kílò á máa ti awakọ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì nìkan láìfi jíà kékeré sọ̀kalẹ̀, bíréèkì á gbóná, kò sì ní mú mọ́.

Lójú ọ̀nà oko, ẹ wo ibi tí ọkọ̀ ńlá ti ń kọjá. Ipa táyà méjì ló máa ń wà níbẹ̀, gegele oníkoríko á wà láàrin. Alùpùpù á yan ipa kan, á máa lọ ní tirẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò fẹ̀ tó ọkọ̀ ńlá. Bí táyà ẹ̀yìn kan bá bọ́ sínú ipa, èkejì á gun gegele, gbogbo ẹrù á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ̀rẹ̀ wá ńkọ́? Ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, níhà Ìṣàbà àti Ìpóbẹ̀, ilẹ̀ dúdú alámọ̀ ni wọ́n ní. Ní ẹ̀ẹ̀rùn á le, á sì la kankan. Tí òjò bá ti rọ̀, á lẹ̀ mọ́ táyà bí àmàlà, á kún abẹ́ mọdigáàdì títí táyà kò fi ní yí mọ́. Títì ọlọ́dà tó gba ibẹ̀ kọjá kò ní wàhálà. Ọ̀nà tó yà kúrò lórí rẹ̀ wọ oko ni wàhálà wà. Alùpùpù tó há sínú ẹrẹ̀, ọkùnrin méjì á gbé e jáde. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó há pẹ̀lú àpò mẹ́wàá, ẹ ní láti sọ ẹrù kalẹ̀ nínú òjò kí ẹ tó rí i fà.

Ní ìlú bí Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń kó sìmẹ́ńtì, àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ìrẹsì láti ọjà Ouando lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tí títì sì dára dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ló fẹ́ fi alùpùpù ṣe? Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tó ṣe ará Àjàṣẹ́ ní àǹfààní lè sọ ará oko Kétu di onígbèsè.

Gbèsè tí kò mọ̀ pé ọjà kò ná lónìí

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa owó. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò lè san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ń gbà á ní àsansílẹ̀, ẹ sì ń san ìyókù díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ọjọ́ mélòó nínú oṣù ni ẹrù máa ń wà?

Ènìyàn ń rìn lójoojúmọ́. Ẹni tó ń fi alùpùpù gbé èrò lè má rí púpọ̀ lónìí, àmọ́ kò ní ṣàìrí nǹkan kan. Ẹrù kò rí bẹ́ẹ̀ ní abúlé. Bí ọjà yín bá ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ọjọ́ ọjà mẹ́fà péré ló wà nínú ọgbọ̀n ọjọ́. Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, ẹrù á pọ̀ débi pé ẹ kò ní sùn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nígbà tí àká bá ti gbẹ, tí gbogbo ènìyàn ń dúró de òjò, ọkọ̀ á wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹni tẹ́ ẹ jẹ ní gbèsè kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ọjọ́ tó bá pé, á wá.

Àpótí òfìfo náà sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá kó àgbàdo lọ sọ́jà, kí lẹ máa kó bọ̀? Ẹni tó ń fi òfìfo padà ń fi epo tirẹ̀ rin ìdajì ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn máa ń bá àwọn ọlọ́jà abúlé ṣàdéhùn ṣáájú: "Tí mo bá kó àgbàdo lọ, màá bá a yín kó iyọ̀, ọṣẹ àti sìmẹ́ńtì bọ̀." Tí ẹ kò bá tíì ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ó kéré tán ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dájú, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹ san gbèsè rẹ̀ tán, ẹ mọ àwọn oníbàárà yín, kí ẹ tó nawọ́ sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ènìyàn kì í ṣe àpò gààrí

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, ẹ dúró sẹ́bàá ọ̀nà tó jáde kúrò nínú ọjà èyíkéyìí lágbègbè wa. Ẹ máa rí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n to àpò sí dé ibi tó ga ju orí awakọ̀ lọ. Lórí àpò náà, ìyá mẹ́rin, márùn-ún, ọ̀kan pọn ọmọ. Okùn tí wọ́n fi di ẹrù ni wọ́n dì mú.

Èmi náà ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí, mo mọ bó ṣe ń rí. Ìyá kan ní àdúgbò wa ni tirẹ̀ kò bọ́ sí rere. Ọkọ̀ náà kò sáré. Táyà ẹ̀yìn kan ló bọ́ sínú kòtò, ẹrù fì, ìyá já bọ́ sílẹ̀, itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò lè ru igbá mọ́. Àwọn ọmọ tó fi òwò tọ́ ló ń bọ́ ọ báyìí. Owó tó rò pé òun fi pamọ́ nítorí pé kò gun zẹ́mì lọ́jọ́ yẹn, kò tó ra oògùn ọjọ́ kan.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin ìyá máa sọ. Ẹ ó ní: "Bí mi ò bá tẹ̀ lé ẹrù mi, wọ́n á jí i." Ẹ ó tún ní: "Mo ti sanwó ẹrù, ṣé kí n tún sanwó zẹ́mì ni?" Ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì, mi ò ní fi wọ́n ṣeré.

Ní ti olè, ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n ṣe é. Kí olúkúlùkù fi ọ̀dà tàbí òwú aláwọ̀ tirẹ̀ sàmì sí àpò rẹ̀. Kí ẹ ka àpò lójú awakọ̀ àti lójú ẹlòmíràn kí ó tó gbéra, kí ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ márùn-ún láti abúlé kan, kí ẹnì kan nínú yín gun zẹ́mì ṣáájú kó lọ dúró de ẹrù, kí àwọn yòókù máa bọ̀ lẹ́yìn. Ní ọjà tó ń bọ̀, ẹlòmíràn á ṣe é. Kí ẹ san ìdajì owó ẹrù níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ san ìyókù nígbà tí àpò bá pé. Awakọ̀ tí ìdajì owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín kò ní sọ ẹrù yín nù.

Ní ti owó zẹ́mì, òótọ́ ni pé ẹ máa san jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ohun tí mò ń sọ ni pé owó yẹn wà lára owó ọjà, gẹ́gẹ́ bí owó àpò àti owó ìdúró ọjà ṣe wà lára rẹ̀. Ẹ kà á mọ́ iye tẹ́ ẹ ra ọjà kí ẹ tó dá iye tẹ́ ẹ máa tà á.

Ẹ̀yin awakọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ẹ máa ń sọ pé bí ẹ bá kọ èrò, ẹlòmíràn á gbé wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ìyá márùn-ún, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 60 kílò, 300 kílò ni wọ́n. Àpò 50 kílò mẹ́fà nìyẹn. Àpò kì í jábọ́ kó ṣẹ́ nítan, ìdílé àpò kì í sì í wá bá yín nílé. Ẹ kó ẹrù mẹ́fà dípò ènìyàn márùn-ún, ẹ tò ó sísàlẹ̀, kí èyí tó wúwo wà níhà iwájú àpótí, kí ẹ sì lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ ó sì sùn dáadáa lóru.

Ẹ̀yin ọlọ́zẹ́mì, iṣẹ́ yín ni gbígbé ènìyàn, nítorí náà ẹ gbé wọn bí ènìyàn. Èrò kan lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ dé àṣíborí bí òfin ṣe sọ, kí ẹ sì ní òmíràn fún èrò yín. Ẹni tó bá gun yín lọ sọ́jà tó sì padà sílé ní àlàáfíà á tún pè yín lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin aláṣẹ kọmúnù náà ní iṣẹ́ tiyín. Ẹ má ṣe dúró de àwọn ọkọ̀ yìí ní àárín ọ̀nà láti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì tún jẹ́ kí wọ́n máa lọ pẹ̀lú àwọn ìyá lórí ẹrù. Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà ọjà, kí ẹ sọ àwọn ènìyàn kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ yan ibi tí ọkọ̀ èrò àti kẹ̀kẹ́ tó ní àga máa dúró sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, kí àwọn ìyá lè rí ohun tí wọ́n máa wọ̀. Ẹni tó bá sọ pé kí ènìyàn má gun ẹrù, ó yẹ kó fi ohun tó máa gùn hàn án.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà

Fún ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹrù yín kò tó kún ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nìkan, mo ní àbá kan. Kí ló dé tí ènìyàn mẹ́wàá nínú abúlé kan á fi máa ba alùpùpù mẹ́wàá jẹ́ nítorí ẹrù? A mọ bí a ṣe ń dá àjọ, a mọ bí a ṣe ń ṣe ọ̀wẹ̀. Ẹ da owó pọ̀, kí ẹ ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan fún gbogbo yín, kí olúkúlùkù sì máa lo alùpùpù rẹ̀ fún ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun àjọní kì í pẹ́ bàjẹ́ bí kò bá ní òfin. Kí ẹ yan awakọ̀ kan ṣoṣo tó ní ìwé ìwakọ̀, kí ẹ máa san owó iṣẹ́ fún un. Kí ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tó dá owó tó pọ̀ jù, máa sanwó tí ọkọ̀ bá gbé ẹrù rẹ̀. Kí ẹ ya apá kan sọ́tọ̀ nínú owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún táyà, ọ́ìlì àti àtúnṣe, kí owó náà má sì sí lọ́wọ́ awakọ̀. Kí ẹnì kan máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kó sì kà á sétí gbogbo yín lóṣooṣù. Ìjà tó máa ń tú ẹgbẹ́ ká, inú owó tí a kò kọ sílẹ̀ ló ti ń wá.

Yálà ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ rà á tàbí ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ yín, ẹ má ṣe wo ọ̀dà tó ń dán. Ẹ bèèrè pé ta ni yóò tún un ṣe ní ìlú yín, ṣé ẹni náà ti tún irú rẹ̀ ṣe rí, ṣé ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní ọjà ìtòsí àbí Kùtọnu ni ẹ ní láti lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní àwọn irin lẹ́yìn tí alùpùpù kò ní, ẹni tó mọ alùpùpù tún ṣe lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ gbà á ní ìwé tó pé, tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì bá ti inú ìwé mu. Bí àlòkù bá ni, ẹ kó ẹrù sí i, kí ẹ gun òkè pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ bíréèkì nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá kọ̀ kí ẹ ṣe èyí ti sọ ohun tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ fún yín.

Èyí ni ìdáhùn mi fún ọ̀dọ́ tó bi mí ní ìbéèrè àti ìyá tó ń ta àgbàdo. Ìwọ ọ̀dọ́, lọ ka ẹrù tó ń jáde ní abúlé rẹ ní ọjọ́ ọjà mẹ́ta, kí o sì gba ọ̀nà náà kọjá lẹ́yìn òjò ńlá kan. Ohun tó o bá rí á sọ èyí tí wàá rà fún ọ. Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta máa gbé àgbàdo yín, kí ẹ̀yin fúnra yín gun ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Bí àpò kan bá sọnù, a lè gbin òmíràn. Àwa ọmọ yín kò ní ìyá mìíràn.

Kí ọ̀nà gbà wá o. Ó dọjọ́ mìíràn.